Ebè, Poro àti Gláídà: Ìdí Tí Ìbàlẹ̀ Nínú Oko Fi Ń Di Jàǹbá

Ẹ bi àgbẹ̀ kan ní Ìdófìàn, ní Kwara, pé báwo ni oko rẹ̀ ṣe máa ń rí lóṣù Kọkànlá, yóò dá yín lóhùn kí ẹ tó parí ọ̀rọ̀: apá ibí yìí ebè ni, apá ọ̀hún poroporo ló dúró síbẹ̀, ìsàlẹ̀ yẹn àkùrọ̀ ni, ẹsẹ̀ á rì. Ìdáhùn yẹn gan-an ni ẹni tó ń wa gláídà nílò nígbà tó bá ku ẹsẹ̀ 2,000 láàárín òun àti ilẹ̀, kò sì sí nínú ìwé ìlò ọkọ̀ kankan. Àwọn ìwé tí Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ará Jámánì kọ lórí bí a ṣe ń bà sínú oko dára, ṣùgbọ́n oko àlìkámà tí wọ́n ti kórè ló wà lọ́kàn wọn. Ta ló ń kọ ebè sí oko àlìkámà?

Gláídà ni ọkọ̀ òfurufú tí kò ní ẹ́ńjìnì. Okùn tí ẹ̀rọ ń fà láti ilẹ̀, tàbí ọkọ̀ òfurufú mìíràn, ló ń gbé e gòkè. Bó bá ti já okùn sílẹ̀, afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń ti ilẹ̀ ròkè ló kù tó fi ń gbéra, bí àwòdì ṣe ń ṣe lọ́sàn-án gangan. Bí afẹ́fẹ́ náà bá tán lábẹ́ rẹ̀ níbi tó jìnnà sí pápá, oko ni yóò bà sí. Èyí nìkan kì í ṣe jàǹbá. Níbi tí wọ́n ti ń fi gláídà díje, ọkọ̀ méjì mẹ́ta lè sùn sí oko lọ́jọ́ kan, kí wọ́n sì tú wọn, kí wọ́n fi tírélà kékeré kó wọn wálé, láìsí ẹni tó farapa.

Ẹ jẹ́ ká fi ASK 21 ṣe àpẹẹrẹ, gláídà oníjókòó méjì tí wọ́n ṣe ní Jámánì, tó kọ́kọ́ fò ní 1979. Ìyẹ́ rẹ̀ gùn ní mítà 17 láti ṣóńṣó kan dé èkejì. Ó wọn nǹkan bíi kílò 360 lófìfo. Bí afẹ́fẹ́ bá pa rọ́rọ́, mítà kan tó bá sọ̀ kalẹ̀ yóò gbé e lọ síwájú ní mítà 34. Nítorí náà, láti gíga mítà 600, ó yẹ kó rin kìlómítà 20. Ìṣirò yìí ni ẹ̀tàn àkọ́kọ́. Afẹ́fẹ́ tó ń ròkè níbì kan, dandan ni kó máa sọ̀ níbòmíràn. Bí ASK 21 bá ń sáré kìlómítà 90 ní wákàtí kan, òun fúnra rẹ̀ ń sọ̀ ní mítà 0.74 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kó wọ inú afẹ́fẹ́ tó ń sọ̀ ní mítà 2, àpapọ̀ rẹ̀ di 2.74; mítà 34 ìṣáájú ti di 9. Ìrìn kìlómítà 20 ti di 5 àti ààbọ̀. Ìlú tí awakọ̀ ń wò lọ́ọ̀ọ́kán, tó ti ń rò pé òun dé, kò ní dé e.

Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé òkè ni jàǹbá inú oko ti ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó bá ku ẹsẹ̀ 2,000, ó ti yẹ kí awakọ̀ wà lókè agbègbè tí oko tó ṣeé bà sí wà. Ní 1,500, kó ti mú oko kan pàtó, kó sì ní èkejì nípamọ́. Ní 1,000, ọ̀rọ̀ wíwá afẹ́fẹ́ parí. Kó yí oko náà ká ní ìlànà, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń bọ̀ wá bà ní pápá gidi. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ti gidi yàtọ̀. Ní 900, ẹ̀rọ tó ń ké bí ọkọ̀ bá ń gòkè ké díẹ̀, awakọ̀ ní kí òun yí ẹ̀ẹ̀kan sí i wò. Ó yí ẹ̀ẹ̀kan, ó yí ẹ̀ẹ̀mejì, bẹ́ẹ̀ ni atẹ́gùn ń gbá a lọ kúrò lókè oko tó ti yàn. Ìgbà tí yóò fi wojú aago tó ń sọ gíga, 500 ló kù. Oko tó mọ̀ ti bọ́ sẹ́yìn, èyí tó wà níwájú kò tíì yẹ̀ ẹ́ wò rí.

Aago gíga pàápàá máa ń ṣini lọ́nà ní Gúúsù Kwara, ẹ̀bi aago sì kọ́. Pápá ọkọ̀ òfurufú Ìlọrin fi nǹkan bí ẹsẹ̀ 1,126 ga ju ojú òkun lọ. Bí èèyàn bá ṣe ń lọ sí ìhà Òmù-Àrán, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ ń ga sí i, tó fi jẹ́ pé Òmù-Àrán fi ohun tó ju mítà 200 ga ju Ìlọrin lọ. Ẹni tó bá tún aago rẹ̀ sí òdo n'Ílọrin, tí aago wá ń sọ fún un lókè Òmù-Àrán pé ẹsẹ̀ 1,000 ló kù, kò ju bí 350 lọ tó kù fún un. Tó bá ti jìnnà sí ibi tó ti gbéra, ojú ni kó fi wọn gíga: bí igi ṣe tóbi tó, bí àwọn tó wà lóko ṣe tóbi tó, bí ahéré ṣe ń tóbi lójú. Aago ti di àlejò.

Ó wá ku irú oko. Ebè ni olórí ọ̀tá. Ebè iṣu ń ga tó orúnkún, òmíràn tó ìbàdí, ilẹ̀ rẹ̀ sì ń le gbagidi bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá ti mú un. Táyà gláídà kò tóbi ju ti kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń kó yanrìn lọ, ikùn rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbálẹ̀. Bí imú bá gún ebè àkọ́kọ́, ìrù á gbéra sókè. Ebè kejì ni yóò gba ikùn, ẹni tó jókòó sórí ikùn yẹn ni ẹ̀yìn rẹ̀ yóò gbà á. Ohun tó burú nínú ebè ni pé kì í tò lọ́nà kan tí èèyàn lè gbà kọjá láàárín rẹ̀. Poro ní ọ̀nà: bí poro bá lọ láti àríwá sí gúúsù, ẹ bà láti àríwá sí gúúsù tàbí láti gúúsù sí àríwá, kódà bí atẹ́gùn bá ń fẹ́ díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Ẹni tó bá dábùú poro, bí ìgbà tó gun àtẹ̀gùn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ni.

Báwo ni wọ́n ṣe ń dá ebè mọ̀ lókè? Lọ́sàn-án gangan, oòrùn wà lórí, ebè kò ní òjìji, oko á tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní. Nígbà tó bá di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, òjìji á yọ, oko kan náà á wá rí bí àwo àkàrà. Nítorí náà, ẹni tó bá ń bà lọ́sàn-án ní àkókò tí wọ́n ń kọ ebè, láti ìparí òjò títí wọ inú ọyẹ́, kó kà gbogbo ilẹ̀ pupa tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sí ebè, títí yóò fi rí ẹ̀rí pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rí tó dára jù ni ipa tírákítọ̀: ìlà gígùn tó gún régé, tó yí po ní igun oko. Ọkọ́ kì í yí po bẹ́ẹ̀.

Ọkà bàbà tún nìyẹn. Láti oṣù Kẹsàn-án títí ìkórè, ó lè ga ju mítà mẹ́ta lọ, a sì máa tẹ́jú lókè bí pápá aláwọ̀ ewé. Bí wọ́n bá ti kórè rẹ̀ tán, poroporo tó ṣẹ́kù ń gún ikùn ọkọ̀ bí ọfà, pàápàá èyí tí wọ́n fi àdá bẹ́ níbùú. Àgbàdo tó bá ti yọ irùkẹ̀rẹ̀ kò sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀gẹ́ burú nítorí igi ni ara rẹ̀, àwọn àgbẹ̀ kì í sì í kórè rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí gbogbo nǹkan ti gbẹ, àwọ̀ ewé rẹ̀ ló máa ń fa ojú àlejò. Ewé tútù nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ìkìlọ̀ ni: bí kò bá jẹ́ ẹ̀gẹ́, kajú ni, bí kò bá jẹ́ kajú, àkùrọ̀ ni, táyà á sì rì níbẹ̀. Ẹ̀pà, ẹ̀wà àti sóyà ló dára jù nínú ohun ọ̀gbìn, torí wọn kì í ga. Oko ẹ̀pà tí wọ́n ti hú kúrò, tí poro rẹ̀ ti tẹ́, ni ká sọ pé ó jọ oko àlìkámà inú ìwé.

Ilẹ̀ tó ń sinmi kì í ṣe oko, ẹ má jẹ́ kó tàn yín. Ọ̀gán wà nínú koríko rẹ̀, ọ̀gán kan ṣoṣo sì tó láti gba táyà lọ. Ibi tí wọ́n dáná sun nínú ọyẹ́ ń fi kùkùté àti ọ̀gán hàn kedere, èéfín rẹ̀ sì ń sọ ibi tí atẹ́gùn ń lọ. Ìyẹn ni àǹfààní rẹ̀, kì í ṣe pé kí a bà sínú rẹ̀.

Ẹni tí kò tíì ronú ọ̀rọ̀ yìí dáadáa yóò ní: pápá bọ́ọ̀lù ilé-ìwé ńkọ́? Pápá bọ́ọ̀lù kò ju nǹkan bíi mítà 100 lọ, òpó góòlù wà ní orí méjèèjì, máńgòrò yí i ká, àwọn ọmọdé á sì sáré wọ inú rẹ̀ láti wo ohun tó ń bọ̀. Títì ńkọ́, irú èyí tó ti Ìlọrin lọ sí Àjàṣẹ́ Ìpo? Òpó iná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tírélà ń bọ̀, ìyẹ́ mítà 17 kò sì gba àárín wọn. Ẹ gbàgbé rẹ̀.

Gígùn oko ní ìṣirò kan tó rọrùn. Ẹ fi 10 sọ gíga ohun tó wà lẹ́nu oko di púpọ̀, kí ẹ yọ ọ́ kúrò nínú gígùn rẹ̀. Igi ẹ̀mí tàbí igi irúgbá tó ga ní mítà 15 yóò gba mítà 150. Oko tó gùn ní 300, ìdajì rẹ̀ ló kù, kò sì sí àyè àṣìṣe nínú ìdajì yẹn. Àwọn àgbẹ̀ wa kì í gé igi ẹ̀mí àti irúgbá tó wà láàárín oko, torí owó ni. Nítorí náà ìyẹ́ náà gbọ́dọ̀ ríbi kọjá láàárín wọn, kì í ṣe imú ọkọ̀ nìkan.

Wáyà iná kì í hàn, pàápàá nígbà tí ọyẹ́ bá ti fi eruku bo ojú ọ̀run. Òpó ni ká máa wá. Àwọn òpó irin gàgàrà tó ń gbé iná ńlá kọjá ní Gánmọ̀ kò lè fara pamọ́. Àwọn òpó kékeré tó ń gbé iná lọ sí abúlé ló ń pani. Bí òpó kan bá wà ní igun oko, tí òmíràn sì wà ní igun kejì, wáyà wà láàárín wọn, ẹ rí i o, ẹ ò rí i o.

Ní ti atẹ́gùn, bí wọ́n ṣe kọ́ pápá Ìlọrin ti sọ ọ́: ojú ọ̀nà rẹ̀ ni 05 àti 23, ìyẹn àríwá-ìlà-oòrùn àti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn. Ìhà àkọ́kọ́ ni ọyẹ́ ti ń wá, ìhà kejì ni atẹ́gùn òjò ti ń wá. Dídojú kọ atẹ́gùn kì í ṣe àṣà lásán. Bí ọkọ̀ bá fara kan ilẹ̀ ní kìlómítà 75 ní wákàtí kan nínú afẹ́fẹ́, tí atẹ́gùn sì ń fẹ́ ní 20, ẹni tó dojú kọ ọ́ ń rìn ní 55 lórí ilẹ̀; ẹni tó kẹ̀yìn sí i ń rìn ní 95. Agbára tí ilẹ̀ ní láti pa fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́ta. Yàtọ̀ sí poro, ohun tó tún lè borí atẹ́gùn ni gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́: bí ilẹ̀ bá dagẹ̀rẹ̀ tó fi hàn láti òkè, ẹ bà sókè, ẹ má bà sísàlẹ̀, torí bí ẹ bá bà sísàlẹ̀ ilẹ̀ á máa sá fún yín ni.

Ebè ń fọ́ ọkọ̀. Ìyípo ìkẹyìn ló ń pa awakọ̀. Ẹni tó bá ti pẹ́ jù yóò sún mọ́lẹ̀ kó tó yí sí oko. Ilẹ̀ á máa sáré lójú rẹ̀, á rò pé òun ń yára jù, á fa ọ̀pá ìdarí sẹ́yìn. Ẹ̀rù á máa bà á láti fi ìyẹ́ dagẹ̀rẹ̀ nítòsí ilẹ̀, á wá fi ẹsẹ̀ ti pẹ́dà kí imú lè tètè yí. Bí ìyára bá ti dín kù, ìyẹ́ tó wà ní ìhà inú ìyípo kò ní rí afẹ́fẹ́ gbá mú mọ́, á rì sísàlẹ̀, ọkọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí bí òkòtó. Ní ẹsẹ̀ 300, kò sí àyè láti dá òkòtó dúró. Oògùn rẹ̀ ni kó ti mú ìyára kó tó yí: fún ASK 21, kìlómítà 90, kó fi ìdajì ìyára atẹ́gùn kún un; kó dagẹ̀rẹ̀ dáadáa; kó sì wo fọ́nrán òwú tí wọ́n lẹ̀ mọ́ iwájú gíláàsì, kó máa dúró gbọnrangandan ní àárín. Owó òwú yẹn kò tó ti omi inú ọ̀rá, kò sì sí aago inú ọkọ̀ tó ń sọ òtítọ́ tó o.

Ọwọ́ náà ń ṣì í mú. Ọ̀pá búlúù ni búréèkì afẹ́fẹ́, pátákó tó ń yọ lórí ìyẹ́. Yẹ́lò ni ti okùn, pupa ni ti ìdérí gíláàsì. Nínú ọkọ̀ tí táyà rẹ̀ ń kó wọlé, ọ̀pá dúdú kan tún wà fún un, àyà tó ti já sì ti mú kí àwọn kan fa ti táyà dípò ti búréèkì, tí wọ́n ń sọ pé búréèkì kò ṣiṣẹ́ bí oko ti ń tán lọ níwájú. Ẹ wo àwọ̀ kí ẹ tó fà. Táyà sì gbọ́dọ̀ wà níta nígbà gbogbo, nínú ẹrẹ̀, nínú ebè. Òun ló ń kọ́kọ́ gba agbára ìkọlù, ẹ̀yìn èèyàn ló kàn.

Bó bá di dandan láti bà sínú ọ̀gbìn gíga, orí ọ̀gbìn ni kí ẹ kà sí ilẹ̀. Ẹ tẹ́ ìyẹ́ méjèèjì dọ́gba, kí ìyára tó kéré jù lọ tán síbẹ̀. Bí ṣóńṣó ìyẹ́ kan bá kọ́kọ́ kọ́ ọkà, ìyẹ́ náà gùn ní mítà mẹ́jọ àti ààbọ̀ láti àárín. Agbára kékeré lórí ọ̀pá gígùn bẹ́ẹ̀ tó láti yí gbogbo ọkọ̀ po lójijì. Ìrù á gbá yíká, ibi tó ti tín-ín-rín ṣáájú ìrù á kán. Ọ̀pọ̀ gláídà tí ẹ bá rí tí ìrù rẹ̀ kán, irú èyí ló ṣe é. Síbẹ̀, bí ògiri tàbí kòtò bá ń bọ̀ tí kò sí ọ̀nà mìíràn, ó sàn kí awakọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ti ọ̀pá ìdarí síwájú kí ìrù lè gbéra, kó gbé ìyẹ́ kan sílẹ̀, kó sì yí ọkọ̀ po. Ìrù ṣeé rà.

Ẹ̀yin tí ọkọ̀ bà sí oko yín, ọ̀rọ̀ yín rèé. Egungun ẹ̀yìn, ní ìwọ̀n ibi tí ẹ ti ń so ṣòkòtò àti díẹ̀ sókè, ló sábà máa ń fọ́ nínú gláídà, torí pé láti ìsàlẹ̀ ni agbára ìkọlù ti ń wá. Ẹni náà lè máa sọ̀rọ̀, kó ní ara òun le, kó fẹ́ dìde. Ẹ má jẹ́ kó rìn. Ẹ má gbé e lé ọ̀kadà, ẹ má fà á lápá jáde bí kò bá jẹ́ pé iná ń jó. Ẹ ṣíji bò ó, ẹ má fún un ní oúnjẹ tàbí omi, ẹ pe 112. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ gbé e, ẹ wá pákó ìlẹ̀kùn, kí ènìyàn mẹ́rin yí i lẹ́ẹ̀kan náà bí ìtí igi, kí orí àti ẹ̀yìn má ṣe lọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kí ọkọ̀ tó gùn gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn Yunifásítì ní Òkè-Ọyì tàbí èyí tó bá sún mọ́ yín jù. Àpò tó gbé kọ́ ẹ̀yìn, párásúùtì ni, ẹ má fa irin rẹ̀. Àwọn gláídà kan ní párásúùtì ńlá tí rọ́kẹ́ẹ̀tì ń fà jáde. Bí ẹ bá rí àmì ìkìlọ̀ onígun mẹ́ta lára ọkọ̀, ẹ jìnnà sí ibẹ̀, ẹ má fi àdá gé nǹkan kan níbẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá farapa tàbí ọkọ̀ bá fọ́, NSIB (Nigerian Safety Investigation Bureau) ni àjọ tó ń ṣèwádìí jàǹbá ọkọ̀; AIB ni orúkọ rẹ̀ títí di 2022. Lẹ́yìn ìgbàlà ẹ̀mí, ẹ fi àwókù sílẹ̀ bó ṣe wà, títí dórí ipa táyà nínú ilẹ̀. Kí awakọ̀ tí kò farapa kọ́kọ́ kí olóko kó tó ki ọwọ́ bọ fóònù: “Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ọkọ̀ mi ló bà sóko yín.” Kí àwọn méjèèjì jọ ka iye poro tí nǹkan bà jẹ́ níbẹ̀, kí wọ́n ya fọ́tò, torí ìdójútòfò yóò béèrè. Bí gáá Fúlàní bá wà nítòsí, ẹ rán ọmọ lọ sọ fún wọn. Màlúù fẹ́ràn láti fara họ ìyẹ́ gláídà, wọ́n sì ń lá a.

Nígbà tí tírélà bá dé, ìrù ni wọ́n ń tú kọ́kọ́, lẹ́yìn náà ìyẹ́ kan, lẹ́yìn náà èkejì, ènìyàn kan ní ṣóńṣó, ènìyàn kan ní ìdí rẹ̀. Kódà bí ọkọ̀ bá jọ pé kò ní nǹkan kan, bó bá ti yí po lórí ilẹ̀, ẹ wo ibi tí ìrù ti so mọ́ ara, ẹ wo ihò àwọn píìnì ìyẹ́, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ara rẹ̀ lẹ́yìn ìyẹ́ lọ títí dé ìrù: ibi tó bá ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ tàbí tí ọ̀dà rẹ̀ ti là bí ìtàkùn aláǹtakùn, ó ti fọ́ nínú.